Ọkọ̀ Tó Ń Pòṣé

Ọmọ mi ń sùn nínú yàrá kejì bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti dìde lọ wò ó, mo tún ti dìde lọ wò ó. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi síbi ihò imú rẹ̀ bí ẹni tó bímọ lánàá. Ó ń mí.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ìtìjú tó tún dì mí lẹ́nu.

Tépù ni gbogbo ayé ń pe ọmọ mi, nítorí pé iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń ṣe, okùn ìwọ̀n kì í sì í kúrò ní ìbàdí rẹ̀. Níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ la títì tuntun ni wọ́n ń rán an lọ. Bó bá lo oṣù mélòó kan níhìn-ín, á tún kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn lọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó ju báàgì sílẹ̀.

"Màmá, ó ti sú mi. Mi ò gba yàrá mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fẹ́ rà, irú èyí tí wọ́n fi ń pín búrẹ́dì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní fèrèsé. Màá tẹ́ pákó sí i, màá kan bẹ́ẹ̀dì sí i, màá máa gbé inú ẹ̀."

"Kí lo pè é? Kí ọmọ ènìyàn máa gbé inú mọ́tò? Ṣé ìgbín ni ẹ́ ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ tiẹ̀ ti rí ìgbín tí onílé lé jáde rí?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi ti já. Bàbá wọn ti kú. Ẹ̀gbọ́n Tépù ọkùnrin ti gbéyàwó, ó ń gbé ìlú mìíràn. Tépù nìkan ló máa ń padà wá sùn nílé mi bí iṣẹ́ kan bá parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ní ilé tó ń tẹ̀lé e kiri, kí ni yóò tún máa mú un wá sọ́dọ̀ mi?

N kò sọ ọ́ jáde. Mo kàn ní, "Màá bá ẹ lọ wá ọkọ̀ náà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa bàbá wọn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wà títí tó fi dolóògbé. Ọ̀gá Rọra ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sáré rí. Kò sì ní ra ọkọ̀, kò ní bá ènìyàn ra ọkọ̀, láìjẹ́ pé ó dán ohun kan wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, á rẹ àkísà sínú omi, á fi dí ẹnu páìpù tí èéfín ń gbà jáde lẹ́yìn ọkọ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, á tẹ́tí. Bí páìpù náà bá pé, ẹ́ńjìnnì á há, á fẹ́ kú. Bó bá ti lu níbì kan, èéfín á gba ibẹ̀ jáde, wàá sì gbọ́ ọ lábẹ́ ọkọ̀: ṣìììì.

"Ọkọ̀ tó bá ń pòṣé, ẹ má rà á," ló máa ń sọ fún wa. "Ó ní ohun tó ń bí i nínú."

Tépù mọ èyí kó tó mọ ABD.

Ọgbà ọkọ̀ àlòkù tí a lọ kún fún ẹrẹ̀. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu ọkùnrin tó ni ín, bí a ṣe débẹ̀ ni Tépù ti sọ ọ́ ní Eléyín. A mú mẹkáníìkì tó máa ń tún ọkọ̀ bàbá wọn ṣe lọ́wọ́. Ọkọ̀ méjì ló bá ohun tí à ń wá mu. Ọ̀kan funfun, ó ga, Tépù dúró nínú rẹ̀ láì tẹ orí ba. Ìkejì búlúù, ó kúrú díẹ̀, ó sì jọ ọkọ̀ tí Ọ̀gá Rọra lò gbẹ̀yìn bí ẹní pín in sí méjì.

Mẹkáníìkì dùbúlẹ̀ sábẹ́ èyí funfun, ó ń fi òòlù kékeré kan ilẹ̀ rẹ̀ kọ́-kọ́-kọ́. Ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Màmá, èyí dà bí arúgbó tó jẹun dáadáa léwe. Ó ti rìn, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀ le. Mo fi àkísà dí i, ńṣe ló há."

Lẹ́yìn náà a lọ sídìí búlúù. Tépù ti wọ inú rẹ̀, ó ń na okùn ìwọ̀n, ó ń kọrin. Mẹkáníìkì tẹ àkísà tútù náà bọ ẹnu páìpù. Èmi náà bẹ̀rẹ̀.

Ṣìììì.

Mẹkáníìkì mi orí. "Ẹ gbọ́ ọ bí?"

"Mo gbọ́ ọ. Ṣé kò lè rìn ni?"

"Ó lè rìn o. Ẹni tó ń fi pín búrẹ́dì ṣí fèrèsé iwájú sílẹ̀, kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, ènìyàn ló sì fẹ́ sùn síbẹ̀. Búrẹ́dì kì í mí, Màmá."

Búrẹ́dì kì í mí. Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi láti ọjọ́ náà.

Mo bi í pé, "Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ńkọ́? Ṣé wọ́n á jẹ́ kó kọjá?"

"Pẹ̀lú páìpù yìí? Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti dá a padà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi ti ṣí kúrò lójú ọ̀nà. Mo rò ó pé wọ́n á dá a padà. Inú ọgbà mi ni ọkọ̀ náà á máa jókòó sí. Títí wọ́n á fi tún un ṣe, ojú Tépù á ti wálẹ̀, á ti rí i pé ilé ni ilé ń jẹ́. Kò séwu kankan níbẹ̀, ni mo sọ fún ara mi. Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ni yóò bá mi di ọmọ mi mú.

Fóònù mẹkáníìkì dún. Ọkọ̀ ẹnìkan ti kú sójú títì.

"Màmá, mo ń lọ. Ẹ bá mi sọ fún un o. Funfun ni kó mú."

"Màá sọ fún un."

Tépù bẹ́ sílẹ̀, eruku kún irun rẹ̀. "Màmá, báwo? Èwo ló pòṣé?"

Mo wojú ọmọ mi, ẹnu mi sì ṣí.

"Funfun ni."

"Háà! Èyí tí mo lè dúró nínú ẹ̀! Búlúù wá ńkọ́?"

"Ó dákẹ́."

"Ṣé etí ara yín lẹ fi gbọ́ ọ?"

"Etí ara mi."

Bí kì í bá ṣe èmi, ì bá tún un dán wò. Òun fúnra rẹ̀ ì bá bẹ̀rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ìyá òun ń purọ́ lórí ohun tí bàbá òun fi kọ́ gbogbo ilé? Ó na ọwọ́, ó fi pa ara ọkọ̀ búlúù náà bí ẹni ń pa orí ẹran ọ̀sìn.

"Ọ̀gá Rọra," ló wí, "ẹ káàbọ̀."

Irọ́ kan kì í dá dúró. Nígbà tí mẹkáníìkì pàdé mi lọ́nà, ó ní, "Mo gbọ́ pé búlúù lẹ gbé. Ṣé ẹ sọ fún un ṣá?"

"Mo sọ fún un. Ó ní ó jọ ti bàbá òun. Ó ti bá wẹ́dà kan sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n á jó páìpù náà."

"Ó dáa. Kó tètè ṣe é o."

Ó gbà mí gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà mí gbọ́? Abọ́ mi ló ti ń jẹun láti ìgbà tó wà lọ́mọṣẹ́.

Tépù ní inú ọkọ̀ lòun máa kọ́kọ́ parí, kóun tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Èyí kò sí nínú ìṣirò mi. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú ni?"

"Kí ni mo ń bẹ̀rù? Ṣebí ẹ ní ó dákẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tẹ́ fóòmù, ó tẹ́ pákó lé e. Ó lu ihò sílẹ̀ kí omi abọ́ ìfọwọ́ lè máa gba ibẹ̀ ṣàn jáde. Ó gé ojú atẹ́gùn méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ń ṣe é lọ́wọ́, á tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí iná tó fi ń ríran nínú ọkọ̀ má bàa kú.

Láàárín iṣẹ́ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ.

"Màmá, orí yìí fẹ́ là. Ẹ bá mi wá oògùn."

"Ọ̀dà tí ò ń kùn ni," mo ní. Mo fún un ní oògùn àti omi. Bí mo ṣe ń nawọ́ ife sí i, gbólóhùn mẹkáníìkì ń dún létí mi. Mo pinnu pé bí a bá ti jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ náà, màá sọ ọ́.

Alẹ́ kò tíì lẹ́ tó fi pè mí.

"Màmá, ẹ wọlé, ẹ wá wo nǹkan."

Mo gun ọkọ̀. Ó fa pákó kan tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ni, ó kúrú, ó fẹ̀.

"Ẹ dùbúlẹ̀ ká wò ó."

Mo dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kan òpin rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín.

"Ìgbà wo lo wọ̀n mí?"

"Nígbà tí ẹ ń sùn lórí àga. Ẹ̀ ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì tí kò lépo." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá dé ibi iṣẹ́ tuntun, màá wá gbé yín, ẹ̀ẹ́ wá lo ọ̀sẹ̀ kan kan lọ́dọ̀ mi. Àbí ẹ rò pé mo fẹ́ fi yín sílẹ̀ ni?"

Mo fi ojú pamọ́ sínú ìrọ̀rí. Ó rò pé ayọ̀ ni.

Ẹ ò rí i báyìí pé ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n pákó ti bo ilẹ̀ ọkọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, á ní láti tú gbogbo rẹ̀, títí kan bẹ́ẹ̀dì tí mo dùbúlẹ̀ lé. Á wá bi mí pé kí ló dé tí mo purọ́. Mo rò ó pé, àyẹ̀wò kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á rí i, èmi kò sì ní jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé ahọ́n mì.

Èmi ni mo rán kọ́tìnnì ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ṣe jẹun láyé mi. Mo rán an nípọn, mo fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀. Nígbà tí mo ń fi í kọ́, mo rí i pé atẹ́gùn tútù ń gba ojú méjì tí Tépù gé wọlé. Òtútù máa ń tètè mú ọmọ mi láyà láti kékeré. Mo ká àjákù aṣọ kọ́tìnnì náà, mo fi dí méjèèjì gbọin-gbọin. N kò tilẹ̀ sọ fún un. Ohun tí ìyá ń ṣe láìsọ pọ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Tépù ní òun fẹ́ lọ sinmi díẹ̀ nínú ilé òun.

"Ilé rẹ wo?"

"Èyí tó ní táyà."

Mo gbọ́ tó tan ẹ́ńjìnnì kí iná àti ooru lè wà. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lẹ́bàá fèrèsé, mo ń ṣẹ́ etí ìrọ̀rí tuntun rẹ̀. Òjò ń rọ̀, ẹ́ńjìnnì ń kùn. Ẹ foríjì mí bí mo bá sọ pé ara mi balẹ̀. Irú ìró tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn nígbà tí bàbá wọn bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí kò tíì pa ọkọ̀.

Mo rán ìrọ̀rí náà tán. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń kùn.

Mo po tíì. Mo fi ìwé bo ife nítorí òjò, mo lọ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Onílé ò! Àlejò dé!"

Kò dáhùn.

Mo fa ilẹ̀kùn. Ooru kan gbá mi lójú. Ọmọ mi na gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ti ara rẹ̀, èyí tó kàn fún mi ni. Okùn ìwọ̀n wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó dán, bí ẹni tára rẹ̀ dá jù lọ láyé.

Mo pariwo títí àwọn ará ilé kejì fi fo ògiri wọlé. Wọ́n gbé e sínú òjò. N kò rántí bí a ṣe dé ọsibítù.

Dókítà obìnrin tó gbà wá bi mí ní ìbéèrè wẹ́rẹ́. "Ìyá, èéfín ọkọ̀ ló fà sínú, èyí tí kò hàn sójú, tí kò ní òórùn. Ṣé kò sí ojú atẹ́gùn nínú ọkọ̀ náà ni?"

"Ó wà," mo ní.

Aládùúgbò wa tó gbé wa wá da ọ̀rọ̀ sí i. "Wọ́n ti dí i, Dókítà. Èmi ni mo fà á yọ." Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú un jáde. Àjákù aṣọ kọ́tìnnì ni, etí rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣẹ́. Gbogbo wọn ń wo aṣọ náà. Aṣọ kan náà ni mo fi rán yẹ̀rì tí mo wọ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n Tépù, dé kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n. Mẹkáníìkì náà gbọ́, ó sáré wá. Bí wọ́n ṣe fojú kan ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ọmọ mi di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ìwọ lo yẹ ọkọ̀ yẹn wò! Bàbá mi gbà ẹ́ bí ọmọ, o wá ta pósí fún àbúrò mi!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o fi àkísà dí i àbí o ò fi dí i?"

"Mo fi dí i! Ó pòṣé! Mo sì sọ ọ́!"

"Ta lo sọ ọ́ fún?"

Mẹkáníìkì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó kàn wò mí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó fẹ́ bò mí láṣìírí. Bí mo bá mirí pẹ́nrẹ́n, ì bá gba ẹ̀bi náà. Mo rí i lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí ti rí ibi tí ojú náà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ tú lára ẹ̀wù.

"Màmá?"

Mo wolẹ̀.

"Màmá, ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ò sọ fún un?"

"Mo ní funfun ló ń pòṣé. Mo fẹ́ kó dúró sílé ni."

Nọ́ọ̀sì kan ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn kọjá láàárín wa. Nígbà tó kọjá tán, ẹ̀gbọ́n Tépù ní, "Ó ti dúró."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi padà sílé rẹ̀. Títí dòní, ìyàwó rẹ̀ ló ń pè mí.

Tépù kò kú. Ó ń rìn, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èéfín náà ti kó iyè rẹ̀ lọ; ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lónìí kì í dọ̀la lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó máa ń fojú lásán wọn yàrá, tí kì í ṣì í, á jẹun tán, á bi mí pé ìgbà wo la fẹ́ jẹun. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun àtijọ́ nìkan ló pé lórí rẹ̀.

Mẹkáníìkì pààrọ̀ páìpù ọkọ̀ náà, ó tú ilẹ̀ rẹ̀, ó tún un ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ní àràárọ̀ ni Tépù máa ń rẹ àkísà sínú omi. Èmi ni màá tan ẹ́ńjìnnì. Á bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, á tẹ́tí.

"Ó dákẹ́, Màmá. Ta ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí a rà á? Kí ló dé tí mi ò tíì lọ?"

Nígbà àkọ́kọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Lọ́jọ́ kejì ó jí, ó dì mọ́ mi lọ́rùn. "Màmá mi, ẹ káàárọ̀." Ó ti gbàgbé.

Ohùn kan sọ nínú mi pé: Ọlọ́run ló pa á rẹ́ fún ẹ. Má sọ ọ́ mọ́. Nígbà tó tún bi mí, mo ní, "Mẹkáníìkì ló gbọ́ ọ." Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì rọrùn, mi ò ní parọ́ fún yín.

Títí ọjọ́ tí mẹkáníìkì yà kí wa. Tépù rí i lẹ́nu géètì, ó he òkúta.

"Tépù! Kí ló ṣe ẹ́?"

"Mi ò mọ̀." Ó wo òkúta ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò mọ̀, Màmá. Mo kàn kórìíra ẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà rọra yí padà. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìtàn lè kúrò lórí ènìyàn, kí ìbínú rẹ̀ ṣẹ́ kù sẹ́yìn, kó máa wá ẹni tó máa bà lé. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tó bá bi mí, òótọ́ ni mo ń sọ. Ọjọ́ mìíràn á lé mi síta. Ọjọ́ mìíràn á sunkún.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí wọ́n bá máa padà, wọ́n á padà. Èmi tí mo dì í mú rèé.

Lánàá, ó bi mí bó ti máa ń bi mí.

"Ta ló gbọ́ ọ?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Ó ń pòṣé."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ kí o dúró tì mí."

Ó wo ilé. Ó wo ọkọ̀. Àkísà ń ro tó-tó-tó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti wá dúró," ló wí jẹ́ẹ́. "Ìgbà wo ni mo máa lọ?"

Ojúmọ́ ti ń mọ́ báyìí. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ti ṣí omi. Ó ń rẹ àkísà.